Bàbá Tó Bá Mi Kúnlẹ̀ ní Tibilísì

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará Ìṣẹ̀rí-Olófin àti gbogbo agbègbè Àlímọ̀ṣọ́: ẹsẹ̀ mi ti tẹ ilé, mo sì ti rí ohun tí n kò lè dá pa mọ́ra. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú títì, tí ẹ ń bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé nítorí ìwé lásán ni mo ṣe wọ bàálù lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn físà kó wá bá mi nílé, nítorí bí mo bá kọ ọ́ síbí, àyè kò ní gba ohun mìíràn.

Ìwé tó gbé mi kúrò nílé

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti kọ́kọ́ ka ìwé náà. Ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ ọ̀mọ̀ràn kan ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà. Kì í ṣe Jọ́jíà ti Amẹ́ríkà o, èyí tó wà létí Òkun Dúdú ni mò ń wí. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ni, Bàbá Vaso ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ohun tó sì ti ń rò láti ìgbà èwe rẹ̀ ni bí orílẹ̀-èdè ṣe ń wó àti bí a ṣe lè tún un kọ́. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí iná kú ní ìlú wọn, tí omi kò yọ mọ́, tí àwọn géńdé oníbọn gba títì, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tirẹ̀ ń ta àwo inú ilé kí wọ́n lè jẹun.

Bàbá náà ní kì í ṣe òrùlé ni orílẹ̀-èdè fi ń kọ́kọ́ wó, orúnkún ló fi ń wó. Lọ́jọ́ tí àwọn ènìyàn bá ti kọ́ láti máa kúnlẹ̀ bẹ ẹnìkan fún ohun tó ti jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀, ó ti bàjẹ́, ó kàn kù kó fojú hàn ni. Bí a bá sì fẹ́ tún un kọ́, ó ní kí a má bẹ̀rẹ̀ láti ààfin, orí àtẹ̀gùn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ilé gogoro ìlú wọn, kò sẹ́ni tó ni àtẹ̀gùn. Ní àkókò òkùnkùn yẹn, olúkúlùkù tan àbẹ́là sí yàrá tirẹ̀, àtẹ̀gùn sì ṣú biribiri, àwọn arúgbó ń ṣubú níbẹ̀. Nígbà tí iná wá ń yọ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tí àwọn ará ilé kan panu pọ̀ tí wọ́n fi gílóòbù ẹyọ kan kọ́ síbẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń san owó rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni Bàbá Vaso ní ìjọba padà dé. Ó ní ìjọba kò ju iná tí a tàn síbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í sùn.

Ẹ gbọ́ ná, ṣé kì í ṣe àwa ló ń bá wí? Àwa tí olúkúlùkù wa ní bóhóòlù tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, géètì tirẹ̀, tí gọ́tà tó wà láàrin ilé méjì sì ń wò wá lójú! Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo máa ń kà á fún àwọn ará àdúgbò ní faráǹdà mi, àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé àti àwa tó ti mọ́ṣáláṣí dé, a ó jọ jókòó. Ẹni tí kò pa ọjọ́ kan jẹ rí ni Alhaji Làmídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó tún jẹ́ alága àwọn onílé àdúgbò wa. Bàbá náà kì í jẹ́ kí n ka ojú ewé kan tán kó tó ní, "Dúró ńbẹ̀ yẹn, Tíṣà. Tún un kà." Òun ló kọ́kọ́ sọ pé ká tẹ ìwé náà, kí àwọn ọmọ wa lè rí i kà ní èdè ìyá wọn.

Ṣùgbọ́n bàbá tó kọ ìwé kì í gbà kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀gágun kan tó fi ipá gbàjọba níbì kan ti túmọ̀ rẹ̀ nígbà kan rí, ó yọ gbogbo ibi tó bá a wí kúrò, ó wá fi àwòrán ara rẹ̀ sí iwájú ìwé. Láti ìgbà náà ni Bàbá Vaso ti búra pé ẹni tó bá fẹ́ ìwé òun, kó wá jókòó ti òun, kí òun wo ojú rẹ̀. Ohun tí mo wá lọ nìyẹn: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láti ẹnu arúgbó kan. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe di ìwé tí wọ́n ń fi wé àkàrà.

Àlejò ní ìlú olókè

Ìlú Tibilísì, olú-ìlú Jọ́jíà, rẹwà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, odò láàrin, àwọn ilé àtijọ́ sì na faráǹdà onígi wọn síta bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí aládùúgbò ń sọ. Òtútù ibẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Aṣọ mẹ́ta ni mo wọ̀ léra, mo fi ìbòrí mi wé etí, síbẹ̀ ehín mi ń lu ara wọn.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín sí ẹni tí wọn kò mọ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ó dùn mí. Mo rò pé wọ́n bínú sí mi ni, nítorí èmi nìkan ni mo dúdú láàrin wọn, wọ́n sì ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Àṣé bí ojú wọn ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀rín wọn wà nínú ilé, ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń fún.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́kọ́ ṣe ara mi lẹ́lẹ́yà. A ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ni gbogbo èrò bá dédé fi ọwọ́ kan iwájú orí, àyà àti èjìká, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, àti dírẹ́bà pàápàá. Mo ní ó tán, bíréèkì ti já! Mo di àga mú, mo pariwo, "Lá iláà! Ọlọ́run, gbà wá o!" Gbogbo ọkọ̀ yíjú sí mi. Obìnrin kan nawọ́ sí ojú fèrèsé: ṣọ́ọ̀ṣì la kọjá. Bí wọ́n bá ti rí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, àfi kí wọ́n ya àmì àgbélébùú sí ara wọn. Nígbà tó yé wọn pé ẹ̀rù ikú ló bà mí, ọkọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì fún mi ní ohun pupa gígùn kan tó rí gẹ́lẹ́ bí àbẹ́là. Mo dúpẹ́, mo fi í sápò, mo ní màá tàn án bí iná bá lọ. Ó yọ ọ́ nínú àpò mi, ó bù ú jẹ kí n lè rí i. Àwúsá ìlú wọn ni, tí wọ́n sín sí okùn, tí wọ́n rì bọ inú omi èso àjàrà títí ó fi gan. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó sọ̀kalẹ̀.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Ihò kan ni wọ́n wà sílẹ̀, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ nínú bí ìkòkò ńlá, iná ń jó nísàlẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣe é yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú iná, yóò sì lẹ ìyẹ̀fun pípò náà mọ́ ara ògiri amọ̀. Ọmọ Yorùbá kò lè rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kọjá. Mo dúró, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Kò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó fa ọ̀kan tó gbóná fẹlifẹli yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì kọ owó. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi ìkíni du ẹnikẹ́ni mọ́ nílùú yẹn, mo ń kí agbálẹ̀, mo ń kí ọlọ́pàá.

Orúnkún mẹ́rin nílẹ̀

Nígbà tí mo dé ilé gogoro tí Bàbá Vaso ń gbé, wọ́n fi lífítì hàn mí. Mo ní rárá, àtẹ̀gùn ni mo wá wò. Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ nínú òkùnkùn àtẹ̀gùn yẹn, gílóòbù kan wà lókè tó ń tàn, eruku bò ó. Ẹ̀yin ará ilé, mo dúró sísàlẹ̀ rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín èmi nìkan. Ohun tí mo ti ń kà fún yín ní faráǹdà Ìṣẹ̀rí nìyí, ó wà lóòótọ́!

Ọmọ ọmọ bàbá ló ṣílẹ̀kùn. Níno lorúkọ rẹ̀, dókítà ni, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, òun ló sì ń ṣe ògbufọ̀ láàrin wa títí mo fi padà. Ó ní kí n dúró kí òun gbé tíì wá. Kò pẹ́, ni bàbá fúnra rẹ̀ yọ láti inú yàrá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Kí ni ẹ rò pé mo ṣe? Ohun tí ìyá mi kọ́ mi ni. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, mo ní, "Ẹ káàsán, Bàbá."

Bàbá pariwo. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó mọ̀, òun náà ti kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń mi orí, ó ń sọ̀rọ̀ wúruwùru. Ojú tì mí. Ṣé kí àgbà bí eléyìí kúnlẹ̀ kí èmi máa wò ó? Mo tẹrí ba sí i, òun náà tẹrí ba sí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kan ilẹ̀, tirẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí Níno ṣe gbé tíì wọlé, ó bá àwa méjèèjì lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Mo dìde. Bàbá ní òun náà fẹ́ dìde, orúnkún ní òun kò gbà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni Níno mú, mo mú tòsì, a gbé e, a kò gbé e dé ibì kankan, nítorí ẹ̀rín ti gba agbára wa. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jókòó tán, tó mu tíì díẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Mo kọ odindi orí kan lórí orúnkún. Ìwọ tí o ní o ti túmọ̀ rẹ̀, orúnkún lo fi wọlé mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fún ọ ní ìwé náà?"

Mo la ẹnu láti fèsì, Níno fi ẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn báyìí. Bó bá ti rí báyìí, oúnjẹ nìkan ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ wá lọ́la, ká jọ jẹun."

Tábìlì tí kì í tán

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo àwọn ará orí àtẹ̀gùn yẹn ti kó ara wọn jọ. Àwo wà lórí àwo. Búrẹ́dì tí wọ́n fi wàràkàṣì kún inú rẹ̀, ìgbá tí wọ́n fi àwúsá lílọ̀ bò, ewé oríṣiríṣi tí wọn kò sè. Wọ́n ní àlejò, Ọlọ́run ló rán an wá. Níno ti fi olú dípò ẹran ṣe tèmi lọ́tọ̀, nítorí mo ti sọ fún un pé n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó sì wá mineral aláwọ̀ ewé kan fún mi nígbà tí àwọn yòókù ń mu ọtí èso àjàrà wọn. Oúnjẹ kan wà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun dì bí àpò kékeré, omi ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo fi fọ́ọ̀kì gún un, omi náà ta sí mi láyà. Ọkùnrin oníkùn-ńlá tó jókòó tì mí, Gíà, ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ó fi hàn mí: ọwọ́ ni wọ́n ń fi mú un nídìí, wọn á fa omi rẹ̀ mu, wọn á wá jẹ ẹ́. Ọwọ́! Inú mi dùn, mo ká apá aṣọ mi sókè.

Gíà yìí ni wọ́n yàn ṣe olórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni kì í dédé mutí níbẹ̀. Òun ni yóò dìde sọ̀rọ̀ nípa àwọn òkú, nípa àwọn ọmọ, nípa àlàáfíà, kí wọ́n tó gbé ife. Nígbà tó yá, ó nawọ́ sí mi. Wọ́n ní ó kan àlejò.

Mo dìde pẹ̀lú mineral mi. Kí ni èmi mọ̀ ju àdúrà lọ? Mo ní, "Ilé yìí kò ní wó." Mo fẹ́ kọ́ wọn ní ìdáhùn, ni gbogbo tábìlì bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Àmín!" Àṣé bí àwọn náà ṣe ń pè é nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn nìyẹn! Orí mi wú. Mo ní, "Àtẹ̀gùn yìí kò ní ṣókùnkùn." "Àmín!" "Ọmọ tó wà lókè òkun yóò padà wá bá yín láyé." Níno túmọ̀ ìyẹn, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, "Àmín!" "Ẹni tó ń ṣe rere níbí kò ní ríbi." Gíà ń fi ìkúùkù lu tábìlì, "Àmín! Àmín!"

Bàbá Vaso nìkan ni kò dáhùn. Ó ń wò mí. Ó ní, "Ta ló ń ṣe irú èyí nílé yín?"

Mo ní, "Àgbà ni, Bàbá. Ẹni tí a bá kúnlẹ̀ kí ni. Ẹ̀yin rò pé ẹni tó kúnlẹ̀ nìkan ló ń ṣe nǹkan. Bí mo bá kúnlẹ̀ tán, ó ku tiyín. Ẹ ó béèrè àlàáfíà ilé mi, ẹ ó wúre fún mi, ẹ ó ní kí n dìde. Bí nǹkan bá dé bá mi lọ́la, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ̀ mí. Àgbà tó gba ìkúnlẹ̀ tí kò wúre, àgbàyà là ń pè é."

Bàbá rò ó. "Àwọn tó ń ṣèjọba yín ńkọ́? Bí ẹ bá kúnlẹ̀ fún wọn, kí ni wọ́n fi ń dá a padà?"

Mo lè purọ́, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n mo ti jẹ oúnjẹ wọn. Mo sọ fún wọn nípa àkókò òjò tí àgbàrá fẹ́ gbé àdúgbò wa lọ, tí a kó ara wa lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà nípò, pé kí wọ́n ṣe gọ́tà fún wa. Alhaji Làmídì ló kọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe wọlé, bàbá tó ní irùngbọ̀n funfun yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ọmọ náà ń tẹ fóònù. Kò gbójú sókè, ó kàn ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, ó ní, "Ẹ rí sẹ́kítírì mi." Wọn kò sì ṣe gọ́tà náà.

Gíà gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Vaso yíjú sí mi.

"Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń kọ̀wé lórí orúnkún," ó ní. "Ẹni tó kúnlẹ̀ nìkan ni mo ń wò. N kò wo ẹnu ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún rí. Mú ìwé náà lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn orí tí mo kọ, kí o kọ tìrẹ sí i, kí o bá mi jà níbẹ̀. Kí o sì kọ ti bàbá yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìwé mi kò pé. Lọ jókòó tì í bí o ti wá jókòó tì mí, kí o tọrọ rẹ̀. Bó bá kọ̀, a jẹ́ pé èmi náà kọ̀."

Bí Níno ṣe túmọ̀ rẹ̀ tán, mo fò sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tirẹ̀ bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn, kí wọ́n tó wá pàdé níbì kan tó mú omi jáde lójú mi. Mo jó. Àwọn ará àtẹ̀gùn jó. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ fún wa. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi.

Lábẹ́ igi máńgòrò

Ìgbà tí ọkọ̀ já sí ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù, tí mo tún gbọ́ ariwo wa, ara mi yá gágá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sún mọ́ ilé ni ọ̀rọ̀ Alhaji ń wúwo sí i lọ́kàn mi. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ fún àgbà pé òun fẹ́ tẹ ìtìjú rẹ̀ sínú ìwé?

Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó wúre títí, ó ní, "Dìde jàre, Tíṣà, sọ bó ṣe rí fún mi." Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá òyìnbó ti kúnlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, ó di ikùn mú, ó ní kí n dúró, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ohun tí bàbá náà béèrè.

Alhaji nawọ́, ó pa rédíò.

Mo ní, "Bàbá, tí ẹ ò bá fẹ́, ó parí síbẹ̀. Mi ò ní bínú, ká fi ìwé náà sílẹ̀."

Ó yíjú sí títì. "Kọ ọ́," ó ní. "Fi orúkọ mi síbẹ̀ ní kíkún. Má fi ti ọmọ yẹn."

"Kí ló dé, Bàbá? Ṣé òun kọ́ ló hùwà tí kò dáa ni?"

"Tíṣà, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi mọ̀wé kọ. Lọ́jọ́ yẹn tí mo na gbalaja níwájú rẹ̀ nítorí gọ́tà tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wa, ṣé o rò pé mò ń bẹ̀ ẹ́ ni? Mò ń kọ́ ọmọ náà ni pé bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa bẹ òun fún ohun tó jẹ́ tiwa. Ó sì gbọ́ ọ yé, o rí i bí?"

Ó gbé fìlà rẹ̀ wọ̀ dáadáa, ẹ̀rín sì tún bẹ̀rẹ̀ sí yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Tètè ṣe é, jàre," ó ní. "Tó bá jáde, èmi fúnra mi ni màá gbé ọ̀kan lọ fún un. Mi ò tíì kọ́ ọmọ yẹn tán."